Gírámà Òyìnbó Nínú Ilé Wa

 

Láìpẹ́ yìí ni ìyá kan dúró dè mí lẹ́yìn Mísà. Ó ní òun ní ọ̀ràn kan tí òun kò mọ ẹni tí òun ì bá gbé e tọ̀ lọ, nítorí kì í ṣe ọ̀ràn ìjà, kì í sì í ṣe ọ̀ràn owó, ṣùgbọ́n ó ti ń fẹ́ di méjèèjì. Mo ní kí ni? Ó ní gírámà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkọ rẹ̀ kò jókòó ní ilé-ìwé rí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti rékọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà, ó ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Abẹ́òkúta, ó tún ṣe é ní Èkó, kí ó tó padà wá dáko àgbàdo ní Kétu níbí. Orí àkàbà àti nídìí búlọ́ọ̀kù ni ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti ẹnu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní àdúgbò rẹ̀, bí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá bá ti Nàìjíríà wá, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ohun iyì ni fún un, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò BEPC. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àwọn ọmọ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Faransé, bàbá yìí sì ń yọ lára owó àgbàdo rẹ̀ san fún olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kan, àna wọn kan dé láti Ìmẹ̀kọ, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, oníṣòwò kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá fi ìjókòó lọ àlejò, ó bu omi fún un, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé, “Which town do you come from?” Kí àlejò tó dáhùn, ọmọbìnrin náà ti sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, wọn kì í sọ ọ́ báyẹn. Tíṣà wa ní a kì í fi ‘from’ parí gbólóhùn. Ẹ sọ pé, ‘From which town do you come?’”

Bàbá gbé e mì. Láìpẹ́, àlejò gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ nínú yàrá, ó béèrè ẹni tí ó jẹ́. Ìyá bàbá yìí ni ó wà nínú yàrá, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá dáhùn pé, “He is sick. He is very old.” Ojú àánú ni àlejò fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ó fẹ́ lọ, ó mú owó jáde nínú àpò, ó ní kí wọ́n fi ra oògùn fún bàbá arúgbó tí ó wà nínú ilé. Bàbá arúgbó! Ẹni tí wọ́n ti sin láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn! Ni ọmọbìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ‘she’ ni, kì í ṣe ‘he’. Ẹ ti sọ ìyá yín di ọkùnrin.”

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní ara òun kò dá. Ó sì ti dáwọ́ owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ dúró. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé owó òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti bú òun lójú àlejò, owó náà ti tán. Ìdánwò sì ń bọ̀. Ìyá ọmọ wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ṣé òfin gírámà yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ti ronú sí i. Ìdáhùn mi ni pé bàbá jàre nínú ọ̀rọ̀ kìíní, ọmọ jàre nínú ọ̀rọ̀ kejì. Ti ẹ̀rín tí ó rín, ìyẹn kì í ṣe gírámà. Ìyá rẹ̀ mọ bí yóò ti bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ìkíní, nítorí yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ pé a kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bíi “from” parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì? Kì í ṣe Ọlọ́run, kì í sì í ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí a mọ̀ tí ó kọ́kọ́ fi àṣà yìí bu ẹlòmíràn ni akéwì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Dryden. Ní ọdún 1672 ni ó fi bu Ben Jonson, akọ̀wé eré tí ó ti kú ṣáájú rẹ̀. (Dryden yìí náà ni ó di ọmọ Ìjọ Kátólíìkì nígbà tí ó dàgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ òfin rẹ̀ di òfin Ìjọ.) Ní ọdún 1762, Robert Lowth, àlùfáà Áńgílíkà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, kọ ìwé gírámà kan. Kò pe àṣà yìí ní ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ṣùgbọ́n pé ó dára jù kí a yẹra fún un nínú ìwé tí a fi ọ̀wọ̀ kọ. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé níbi tí ó ti ń sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn àṣà náà púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ fi “to” parí gbólóhùn. Ní ọdún 1795 ni Lindley Murray, ará Amẹ́ríkà tí ó ń gbé ní Yọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé gírámà tirẹ̀, ìwé náà sì wọ ilé-ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti ọwọ́ irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ ìmọ̀ràn fi di òfin, tí òfin di pàṣán lọ́wọ́ tíṣà.

Níbo ni wọ́n ti rí i? Látìnì ni. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá mọ̀wé ní Yúróòpù, Látìnì ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ní Látìnì, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò níwájú orúkọ tí ó bá ń bá rìn. Wọ́n wá gé ẹ̀wù Látìnì fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì wí pé apá rẹ̀ ti gùn jù. Bákan náà ni òfin tí ó ní kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ kankan sí àárín “to” àti ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó tẹ̀lé e. Olórí kàtídírà Canterbury kan, Henry Alford, bínú sí i nínú ìwé kan ní ọdún 1864. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Látìnì ni ó fa ìyẹn náà, nítorí ní Látìnì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni “amare”, kò sí àyè tí ènìyàn lè là láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Nígbà tí ó fi di ọdún 1926, Henry Fowler, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀ bí irú èyí, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ asán ni òfin “from” yìí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ Mísà ní Látìnì kí Àpérò Vatican Kejì tó ṣí ọ̀nà fún èdè ìbílẹ̀ ní ọdún 1963, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. A fẹ́ràn Látìnì, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń tú àdúrà sí Yorùbá, wọn kò ní kí Yorùbá máa rìn bíi Látìnì. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá mọ ìgbà tí yóò ṣe Àmín.

Ẹ wá wo Yorùbá tiwa. Bí a bá fẹ́ béèrè ohun tí bàbá béèrè, kí ni a ń wí? “Ìlú wo ni ẹ ti wá?” Ìlú ti lọ sí iwájú gbólóhùn, “ti” sì jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ “wá”. Kò bá ìlú lọ. Ẹni tí ó bá ní kí a gbé “ti” náà lọ sí iwájú, a ó bi í bóyá ará ń yá a. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì bàbá ṣe rìn, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì àwọn Òyìnbó fúnra wọn sì ṣe ń rìn láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Faransé, “De quelle ville venez-vous?” ni, dandan ni kí “de” ṣíwájú. Ọmọbìnrin yìí, Faransé ni ó fi kàwé láti kékeré. Nígbà tí wọ́n sọ òfin náà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti bá a mu tẹ́lẹ̀, kò sì wádìí rẹ̀. N kò bá a wí fún ìyẹn. Èdè mẹ́ta ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń gbé lórí, bí ìgbà tí ènìyàn ru igbá mẹ́ta lọ sí ọjà kan.

Àwọn tí wọ́n di igbá náà fún wa kò bi wá léèrè. Ní ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alákétu kan náà ni wọ́n sì ń wárí fún tẹ́lẹ̀. Ìlárá fúnra rẹ̀ pín sí méjì, ọmọ ìyá kan ń kí ara wọn ní ìhà kejì ààlà. Ìdí nìyí tí àna lè ti Ìmẹ̀kọ wá kí wa, tí gírámà méjì yóò sì pàdé nínú àgọ́ kan.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kejì. Níbi tí ọmọ ti jàre, kò sí ohun tí a lè fi bò ó. Ní Yorùbá, “ó” ni fún ọkùnrin, “ó” ni fún obìnrin, “ó” náà ni fún ewúrẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà, “wọ́n” ni a ń wí, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí a ti sọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. “He” sọ ohun kan, “she” sọ òmíràn, ẹni tí kò mọ ilé wa yóò sì gbà á bí a ti sọ ọ́. Ó gbà á, ó sì fi owó sílẹ̀ fún òkú. Òfin yìí kì í ṣe ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni gé fún Gẹ̀ẹ́sì láti ibòmíràn wá. Egungun èdè náà ni. Bí ó bá ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò lè dúró.

Bàbá sọ ohun kan fún ìyàwó rẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́. Ó ní ẹnu òun kì í gbà láti pe ìyá òun ní “she”, nítorí ó dà bí ẹni pé òun sọ ìyá di ẹgbẹ́ òun. Ní Yorùbá, “wọ́n” ni òun ń pè wọ́n. Kò sí “wọ́n” ọ̀wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí òun mọ̀, òun sì mú èyí tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí òun lẹ́nu. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀wọ̀ wa kì í rí ibi jókòó sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pe ìyá rẹ̀ ní “she” kò rí ìyá rẹ̀ fín. Ibòmíràn ni ó ń gbé ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí.

Ohun mìíràn wà tí kì í ṣe egungun, tí kì í sì í ṣe ẹ̀wù àlejò. Ẹ wo “s” kékeré tí wọ́n ń fi sí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe, “he goes”, “she comes”. Ní Yorùbá, mo lọ, o lọ, ó lọ, wọ́n lọ, “lọ” kò yí padà. Bí bíríkìlà bá sọ pé “he go”, ó yé gbogbo ènìyàn. Kò sí òkú tí yóò gba owó oògùn nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi “s” yẹn sí i, ẹni tí ó bá sì ń máàkì ìwé kì yóò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní Nàìjíríà, nínú ìdánwò WAEC, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní máàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nìkan, wọ́n ń gé e díẹ̀díẹ̀ bí eku ti ń jẹ àgbàdo. Ọmọ tí kò bá sì yege dáradára ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ilẹ̀kùn yunifásítì le fún un láti ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ ní ilé-ìwé Ìmẹ̀kọ tàbí Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Dryden kí ẹ sì lọ sọ fún ọmọ pé Fadá tàbí ìwé ìròyìn ìjọ ní gírámà kò ṣe nǹkan kan.

Òfin tí ènìyàn jókòó ṣe lè wúlò. Ìwé Yorùbá tí ẹ ń kà yìí náà, ìpàdé ni ó ṣe é. Ní Èkó ní ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni alága ìpàdé tí wọ́n ti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. (Òun náà ti dé Kétu wa níbí ní ọdún 1853.) Ní ọdún 1974, Nàìjíríà tún un ṣe: “aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”, “nwọn” di “wọ́n”. Ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè tiwa ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èdè ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ “kp” tí Nàìjíríà ń kọ “p”, tí wọ́n sì ń kọ “sh” níbi tí Nàìjíríà ti ń fi àmì sí abẹ́ “ṣ”. Kò sí ìyàtọ̀ lẹ́nu rárá. Síbẹ̀ ọmọ tí ó kọ “kp” ní ìhà ọ̀hún yóò gba àṣìṣe. Àwọn ìyá wa tí wọ́n di ìwé orin àtijọ́ mú ṣì ń kọrin “aiye” wọn, n kò sì rò pé ó ṣòro fún Olúwa láti gbọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni kí a má ṣe fi gírámà dójú ti ara wa. Àwa ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ayé ìjọba Faransé, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní ilé-ìwé, wọn á so nǹkan kan mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní “signal”, á sì máa gbé e kiri títí yóò fi mú ẹlòmíràn tí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Àwọn bàbá kan ṣì wà láàárín wa tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ohun náà. Nígbà tí ọmọ bá ń bu ẹnu bàbá rẹ̀ lójú àlejò, ó dà bí ẹni pé ó tún ti lọ wá ohun náà kàn níbi tí a sọ ọ́ nù sí.

Ẹ rántí Fadá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè láàárín àwọn ọmọ Dahomey, ní ọdún 1928. Faransé rẹ̀ gún régé. Ohun tí ó fi ṣe ni pé ó jókòó ti àwọn àgbà tí wọn kò mọ̀wé, ó gbọ́ ìtàn Kétu láti ẹnu wọn, ó sì kọ ọ́ ní Faransé kí ó má baà sọnù. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó tún Yorùbá àwọn àgbà náà ṣe kí ó tó kọ ọ́.

Bàbá ọmọ yìí kò ní láti jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé fún àwọn ènìyàn ní Èkó. Kódà, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò nínú yàrá fún ìgbà díẹ̀, á ní “I am coming”, nítorí “mò ń bọ̀” ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Òyìnbó tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á jókòó, á máa wo ẹni tí ó ń sọ pé òun ń bọ̀ bí ó ti ń lọ.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ìyá náà. Ó ní òun kò lè rántí Dryden títí òun yóò fi délé. Mo ní kí ó gbàgbé Dryden, kí ó kàn sọ “ìlú wo ni ẹ ti wá” fún ọmọ náà, kí ó sì béèrè ibi tí “ti” wà.

Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ó ní ọmọ náà jókòó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín, ó sì ní ti “from” náà, òun ni òun ṣìnà. Bàbá kò fèsì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí ọmọ mú ìwé àti bírò wá. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí oníṣòwò yẹn, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ẹni tí owó oògùn náà bọ́ sí lọ́wọ́. Òun ń pe ọ̀rọ̀, ọmọ ń kọ ọ́. Ní ibi mẹ́ta tí bàbá ti sọ “he” fún ìyá rẹ̀, ọmọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Bàbá, ṣé kí n kọ ‘she’?” Bàbá ní kí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni bàbá ní kí ó béèrè ìlú tí ọkùnrin náà ti wá, nítorí ariwo ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá náà ní òun kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òun wo ojú àwọn méjèèjì nígbà tí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn gbólóhùn náà, tí ó sì fi àmì ìbéèrè sí i. Ó ní owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀.